Ìlera Ìdílé: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Ṣe Fún Un Lẹ́kọ

Ní oṣù tó kọjá ni ìdílé kan níhìn-ín ní Olúpọ̀nnà ránṣẹ́ pè mí. Orífífọ́ àti wárápá ti ń dààmú ọmọkùnrin wọn tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n rí i pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lọ́ mọ́ra wọn nínú ọpọlọ rẹ̀ bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Àbímọ́ni ni àìsàn yìí sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe èpè. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára ti inú ọkàn bọ̀ á já tààrà sínú iṣan tó yẹ kó máa dá ẹ̀jẹ̀ padà jẹ́jẹ́. Iṣan náà sì lè bẹ́.

Kì í ṣe abẹ ló ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù. Ó ní, “Pásítọ̀ wa, wọ́n ní kò ní lè dá mí!”

Òótọ́ ni, Màmá. Oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dá èémí dúró. Ìdí nìyí tí dókítà oníṣẹ́ oorun fi ń ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí, tí ẹ̀rọ á sì máa bá aláìsàn mí. Bí mímí náà kò bá tó, atẹ́gùn tó yẹ ká mí síta á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan inú ọpọlọ á fẹ̀, ọpọlọ á wú lójú abẹ. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lápá ọrùn, ni àṣẹ mímí ti ń wá. Bí ọwọ́ bá kan ibẹ̀, aláìsàn lè wà lórí ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má pariwo pé ó ti kú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 1962 ni Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá arábìnrin kan lọ fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kó má jẹ, kó má mu. Àánú ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fún un lẹ́kọ gbígbóná ní ìdájí. Àwa tí a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀ rèé o! Nínú oorun bẹ́ẹ̀, oúnjẹ inú ikùn lè gòkè, kó sì ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í, ó jẹ́wọ́, wọ́n sì sún iṣẹ́ náà síwájú. Ẹ̀gbọ́n bínú, èmi dúpẹ́.

Mo ti sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó má fi ikọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń wú lóru pamọ́ fún dókítà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lọ sí Ìbàdàn.