Ìgbàgbọ́ kì í ṣe tẹ́tẹ́

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí o, ẹ má rò pé Pásítọ̀ ti ya bàrá.

Ẹ rántí àṣekágbá Europa League tí wọ́n gbá ní Dublin lọ́jọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 2024. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá ò ju mẹ́rin lọ, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni àwọn yòókù wà. Leverkusen ti Jámánì ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nà wọ́n. Àmọ́ ọmọ wa, Ademola Lookman, tó ń gbá fún Atalanta ti Ítálì nígbà náà, òun nìkan ló jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 3-0! Inú tèmi náà dùn.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ìjọ wa kan wọlé tọ̀ mí wá, ojú ẹ̀ pọ́n. Owó tí bàbá rẹ̀ fún un láti fi háyà katakátá fún oko àgbàdo, ó ti fi ta tẹ́tẹ́ pé Leverkusen ló máa borí. Mo fi ìbínú bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?" Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi ìgbàgbọ́ gbé owó kalẹ̀, pé á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún."

Ẹ̀yin ará, mi ò rí èsì fọ̀.

A ń pariwo lé tẹ́tẹ́ lórí, àmọ́ bí àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run ṣe ń wàásù ọrẹ nígbà mìíràn, ohùn oní-tẹ́tẹ́ náà ni: mú kékeré wá, kó o kó rẹpẹtẹ lọ lọ́la. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì tún un ṣe lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú. A jọ lọ bẹ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, àwa ọkùnrin ìjọ ṣe ọ̀wẹ̀, a fi ọkọ́ kọ ebè oko náà.

Bọ́ọ̀lù kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo Lookman fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, 2020, nígbà tó wà ní Fulham, ó gbá pẹnárítì ìgbẹ̀yìn sọ́wọ́ aṣọ́lé West Ham, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tó fi ń ṣiṣẹ́ kí alẹ́ Dublin tó dé. Àwa ará Òkè-Ògùn ló yẹ kó yé jù: àgbàdo kì í gbó lálẹ́ ọjọ́ tá a gbìn ín.

A ti gbé ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú wá sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù á ráyè lọ. Kó ṣáà fi owó oko sílé.

Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹ bá mi dá sí i.