Alímòṣọ́ ń kọ́lé, igbó Omo ń tán: ìrókò kì í ṣe igi tí à ń gbìn bí àgbàdo

Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ta kò ó nígbà náà pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, ojoojúmọ́ ni káfíńtà ń gun òrùlé tuntun, bẹ́ẹ̀ igi tí wọ́n fi ń kàn án kò hù ní Ẹ̀gbẹ́dá. Igbó Ògùn, Ondó àti Ọ̀ṣun ni púpọ̀ nínú pákó tó ń wọ Èkó ti ń wá, ọ̀kan nínú wọn sì ni igbó ọba Omo, tí àwọn awakọ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Bìní mọ̀ sí J4.

Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ya igbó náà sọ́tọ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977. Lórí ìwé nìyẹn. Nínú igbó, agégi ń gé, olóko kòkó ń dáko, ìwọ̀nba erin tó ṣẹ́kù há sáàárín wọn.

Èsì tí àwọn aláṣẹ máa ń fọ̀ ni pé àwọn yóò gbin òmíràn. Láti 2008 ni Èkó ti ń ṣe àyájọ́ ìgbingi lọ́jọ́ 14, oṣù keje. A kò bú wọn, ibòji dára lójú títì Ìkòtún. Ṣùgbọ́n irú igi wo? Mèláínà tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ sí Omo, igi àjèjì láti Éṣíà ni, ó sì ń yára dàgbà. Ìrókò kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbin ọ̀dọ́ ìrókò jọ sójú kan, kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Phytolyma yóò bò ó, ewé rẹ̀ yóò wú kókó, ọ̀mùnú rẹ̀ yóò sì kú. Nínú igbó, níbi tí ìrókò ti fọ́n káàkiri lábẹ́ ibòji igi mìíràn, kòkòrò náà kì í tètè rí i. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ jìnnà. Erin ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi òro tí à ń fi kóró rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n. Bí a bá lé erin àti àdán, tí a tún gé ìyá igi, ta ni yóò gbìn ín? Ewé Akíntọ́lá ni yóò gba ilẹ̀.

Nítorí náà, iye ọ̀gbìn tí wọ́n pín kọ́ ló yẹ ká máa bi ìjọba, bí kò ṣe iye ìyá igi tó ṣì dúró. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀: Ògùn ń gba owó igi, Èkó ń kọ́lé. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì jókòó, kí pákó kankan má sì dé ìsọ̀ onípákó n'Ìkòtún láìní ìwé tó sọ igbó tí wọ́n ti gé e.