Ta Ni Ó Ni Títì Àdúgbò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi bọpo bọyọ̀. Nígbà tí títì àdúgbò wa ṣì jẹ́ kìkì kòtò, ẹkún ọ̀dà ni a ń sun sí etí ìjọba. Ọ̀dà dé, a jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé tẹ̀lé ọ̀dà wọlé. Ọkọ̀ tí ó ti máa ń rọra yẹ kòtò kiri wá ń fẹ́ bí ìjì kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà kan gbá ọmọdé kan, tí ẹsẹ̀ ọmọ náà sì kán, inú bí gbogbo wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti po sìmẹ́ǹtì, wọ́n ti mọ ebè kan dábùú títì, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní bọ́ǹpù. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tí ó dá owó sìmẹ́ǹtì náà.

Oṣù kan kò pé tí àgbẹ̀ kan, tí ó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn alùpùpù lọ sọ́jà ní ìdájí, fi ṣubú lórí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò sí ọ̀dà funfun lára ebè náà, kò sí àmì tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Nígbà tí òjò dé, omi dá síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ títì. A fẹ́ dáàbò bo ọmọ, a sì ṣe àgbẹ̀ léṣe.

Bọ́ǹpù kì í ṣe ebè iṣu. Èyí tí àwọn onímọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lé lórí ní 1973 gùn tó mítà 3.7 lójú ọ̀nà, gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó ń rọra gòkè, ó sì ń rọra sọ̀. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé eré kò pa ẹnìkan. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà láàárín ìlú. Awakọ̀ tí ń sá eré yìí, bí ọmọ bá já lu títì, yóò ti rìn tó mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ìjánu. Bí ó bá jẹ́ 30 ni, bíi mítà 8 ni. Agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn ní 50 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti 30.

Ta ni kí a wá kọ̀wé sí? Bí òpópó ìjọba àpapọ̀ bá la abúlé yín já, ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ìjọba àpapọ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín ni, kí aṣojú-ṣòfin yín sì gba ẹ̀dà. Ti ìpínlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ òde ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n títì àdúgbò, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti fi í sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sì pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Alága tí ó bá ní gómìnà ni ó di owó òun mú, ẹ rán an létí ìdájọ́ náà.

Ìwé tí ó kún fún èébú kì í rìn jìnnà. Ẹ pe onílé, ayálégbé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìyálọ́jà, àti àwọn ọlọ́kadà pẹ̀lú, nítorí ohun tí a kò bá wọn sọ, wọn a máa rò pé ogun ni. Kí ẹnìkan jókòó lẹ́bàá títì ní wákàtí tí ọmọ ń lọ síléèwé àti èyí tí wọ́n ń bọ̀, kí ó ka iye ọkọ̀ tí ó kọjá. Ẹ kọ ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ ya àwòrán títì, ẹ fi ibi tí ẹ fẹ́ bọ́ǹpù hàn, ẹ sì béèrè ọ̀dà funfun, pátákó ìkìlọ̀ àti ojú ọ̀nà omi. Kí ẹni tí ó mọ̀wé fọwọ́ sí i, kí ẹni tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí kánsílọ̀ yín àti sí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kánsílọ̀ náà bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ dá a sí. Òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ebè tiwa, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ọ́n náà ni ó fi òòlù fọ́ ọ. Ìwé wa ti wà lórí tábìlì ẹnjiníà, a sì ti gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa.