Ẹni tí Sáfà Bá Dá Padà Kò Gbọdọ̀ Wó Odi
Láti ọwọ́ Ọmọ Yàgbà, Ìsánlú

Ní Ìsánlú, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà Ìlà-Oòrùn, kì í tún ṣe ohun ìyanu mọ́ kí ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jókòó sí agboolé baba rẹ̀, kí ó fi fóònù wá íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó tàbí lókè òkun. Ohun tó sábà máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lágara ni pé dátábéèsì MySQL, tó ń gbà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tó wà nídìí sáfà, yóò kọ̀ fún un láti ọ̀nà jíjìn, yóò sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé "Access denied". Ìbínú a dé, ìmọ̀ràn tí kò jinlẹ̀ a sì tẹ̀ lé e: pé kí wọ́n fi àmì '%', tó dúró fún ibikíbi láyé, sí orúkọ rẹ̀, kí wọ́n fún un ní gbogbo àṣẹ, kí wọ́n sì pa fáyàwọ́ọ̀lù. Ìmọ̀ràn búburú ni, bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí oníbodè ayé àtijọ́ ni MySQL rí. Kì í béèrè ẹni tí àlejò jẹ́ nìkan, ó ń béèrè ibi tó ti wá pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé orúkọ kan náà tó ti 'localhost' wá, tó sì tún ti òkèèrè wá, ènìyàn méjì ni lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà àti àṣẹ wọn sì lè yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí a dá padà tó figbe ta, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí sáfà sọ. Àṣìṣe 2003 kì í ṣe ìdánipadà rárá, nítorí àlejò kò tíì dé ibodè: ó lè jẹ́ pé bind-address ṣì wà lórí 127.0.0.1, bí ó ti sábà máa ń rí lórí Ubuntu, tàbí pé fáyàwọ́ọ̀lù dí pọ́ọ̀tì 3306, ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà nítorí èyí, òfo ló ń ṣe. 1130 ń sọ pé kò sí akáǹtì kankan tí a dá fún àdírẹ́ẹ̀sì náà. 1045 ló ṣàǹfààní jù lọ, nítorí ó ń dárúkọ àdírẹ́ẹ̀sì tí sáfà fi ojú ara rẹ̀ rí, èyí tí kì í sábà jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ rò. Ohun kan sì wà tó ń rú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá lójú: akáǹtì aláìlórúkọ tó bá wà fún 'localhost' lè gba iwájú akáǹtì olórúkọ tí a fi '%' dá, nítorí àdírẹ́ẹ̀sì tó ṣe pàtó ni MySQL ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀ràn ẹni tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ ní Ìsánlú tún le díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù a máa kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan, wọn a sì máa yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, débi pé àdírẹ́ẹ̀sì tí a kọ sínú àṣẹ lánàá lè di ti àjèjì lónìí, kí ẹni tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọ́ sì wà lóde. Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé '%' nìkan ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. SSH ni ọ̀nà tó tọ́: kí oníṣẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ gba abẹ́lẹ̀ dé inú sáfà, kí pọ́ọ̀tì 3306 má sì ṣí sí ìta rárá; ibi yòówù kí àdírẹ́ẹ̀sì fóònù rẹ̀ sún sí, 127.0.0.1 ni dátábéèsì yóò máa rí, akáǹtì ti ibẹ̀ nìkan ni yóò sì nílò.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tí a ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà ni àwọn ọ̀daràn pa rẹ́, tí wọ́n sì ní kí àwọn tó ni wọ́n san bitcoin. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti pàṣẹ pé bí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ bá lè pa ènìyàn lára, a gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba létí láàárín wákàtí 72. Orúkọ aláìsàn àti máàkì ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi tán ìkánjú. Kí alábòójútó sáfà fún òṣìṣẹ́ ọ̀nà jíjìn ní àṣẹ SELECT àti INSERT lórí dátábéèsì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, bí iṣẹ́ náà bá sì parí, kí ó fi DROP USER yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.