Òfin Méjì Lórí Ewé Kan

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ wọ ilé obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí ó gbin ẹsẹ̀ igbó mẹ́fà péré sí, tí ó fi ń wo ẹ̀yìn ríro. Àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ní kò jẹ̀bi, nítorí pé láti ọdún 1996 ni ará ìpínlẹ̀ náà ti dìbò pé kí aláìsàn tí dókítà bá fọwọ́ sí i fún máa lò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ọdún 1970 mú, èyí tí ó to igbó pọ̀ mọ́ heroin, nígbà tí wọ́n sì ti fa ọ̀rọ̀ náà fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n gba ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì bà á jẹ́. Ní ọdún 2005, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ìjọba àpapọ̀ láre.

Láti ìgbà tí Colorado àti Washington ti dìbò ní ọdún 2012 pé kí àgbàlagbà máa mu igbó láìsí ìwé dókítà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó ti tọ ipa wọn. Ìjọba àpapọ̀ kò lágbára láti fi tipátipá rán ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ níṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kò sì lè kárí ilẹ̀ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wà lórí àga agbẹjọ́rò àgbà ni ó ń sọ ẹni tí a ó mú àti ẹni tí a ó fi sílẹ̀. Ní 2013 ni ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé pé kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba mójú kúrò lára àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, Jeff Sessions, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà nígbà náà, fagi lé ìwé náà, láìjẹ́ pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yí padà nínú òfin fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lọ́hùn-ún sílẹ̀. Láti ọdún 2019 ni àjọ tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn àlejò ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ń wá ìwé ọmọ onílẹ̀, tí ó bá lo igbó tàbí tí ó ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ tí a ti ń tà á, lè pàdánù ohun tí ó ń wá, bí ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́.

A kò yin igbó, a kò sì gbèjà ẹni tí ń mu ún. Ohun tí a ń wí ni pé kò tọ́ kí ìjọba fi ọwọ́ kan fúnni ní àṣẹ, kí ó sì fi èkejì na ẹni tí ó gbà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbà ọ̀ràn yìí: bí wọ́n bá fẹ́ kí òfin kan ṣoṣo de gbogbo ìpínlẹ̀, kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin, kí aráàlú lè mọ ohun tí í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí a tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.