A Kì í Fi Iye Yàrá Wọn Iná

Ìrẹ́jẹ tí a fi aṣọ ìrẹ́pọ̀ bò kò yé jẹ́ ìrẹ́jẹ. Owó iná tí àwọn ayálégbé ń dá san, nínú agboolé tí gbogbo wọn ti ń lo mítà kan ṣoṣo, ni mo ní í sọ. Ọ̀ràn náà kò ṣe àjèjì ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ṣùgbọ́n Samandin, àdúgbò àtijọ́ tí ó wà láàárín ìlú Ouagadougou ní ilẹ̀ Burkina Faso, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀nà tí a ń gbà ta iná níbẹ̀ gan-an ni ó ń pè wá sí ìṣirò tí àwa kò fẹ́ ṣe.

SONABEL, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ náà, a máa fún ilé ní iná ní ìwọ̀n áńpíà: ẹlòmíràn gba 3, ẹlòmíràn 5, ẹlòmíràn 10. Nígbà tí ìwé owó bá sì dé, kí ni àwọn ayálégbé ń ṣe? Wọn a ka ilẹ̀kùn, wọn a fi iye yàrá pín owó, ọ̀rọ̀ a sì tán. Opó tí ó ní gílóòbù kan àti alágbàfọ̀ tí ó ń fi áyọ́ọ̀nù oníná lọ aṣọ gbogbo àdúgbò a wá di ẹgbẹ́. Ọjà wo ni a ti ń ná irú rẹ̀? Ta ni yóò ra ìrẹsì kóńgò kan, tí yóò san iye tí ẹni tí ó ra odindi àpò san, nítorí pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wọ ìsọ̀?

Ìṣirò náà kò le. Fọ́ltì ni ìwọ̀n ipá tí ń ti iná lọ. Áńpíà ni ìwọ̀n iná tí ń ṣàn. Óòmù ni ìwọ̀n ìdènà tí iná ń bá pàdé. Ará Jámánì kan, Georg Simon Ohm, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1827 bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bára tan: bí a bá fi áńpíà pín fọ́ltì, óòmù ni a ó rí. Bí a bá sì fi áńpíà sọ fọ́ltì di púpọ̀, wáàtì ni a ó rí, èyí tí í ṣe agbára iná.

Ẹ jẹ́ kí a mú áyọ́ọ̀nù tí ó gba áńpíà 5 lórí iná fọ́ltì 220. 220 ÷ 5 = 44: ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 44. 220 × 5 = 1,100: agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,100. Bí agboolé bá jẹ́ ti áńpíà 5, áyọ́ọ̀nù yìí nìkan ti gbà á tán. Ẹni tí ó bá tan fáànù lé e, iná yóò gé mọ́ ọn lọ́wọ́, SONABEL ni yóò sì máa bú. Wáàtì tí a fi wákàtí sọ di púpọ̀ ni mítà ń kà. Bí iná bá wọ inú áyọ́ọ̀nù náà fún wákàtí 4 lójúmọ́, 4,400 ni. Gílóòbù opó, wáàtì 10, tí ó tàn fún wákàtí 5, jẹ́ 50 péré. Ìlọ́po 88 ni èkíní fi ju èkejì, síbẹ̀ a ní kí wọ́n san ọgbọọgba!

Àwọn kan a ní iná tí kò lágbára ni ó ń sọ owó di púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí fọ́ltì bá wálẹ̀ sí 180, 180 ÷ 44 jẹ́ áńpíà 4.09, agbára áyọ́ọ̀nù náà a sì di nǹkan bí wáàtì 736. Yóò pẹ́ kí ó tó gbóná, ṣùgbọ́n iná tí ó ń jẹ ní wákàtí kan dínkù ni, kò pọ̀ sí i. Àwáwí lásán ni wọ́n ń wí.

Àwọn mìíràn a pa òwe fún wa pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan nínú àpò ẹlòmíràn. Iná pàápàá kò sì mọ ìrẹ́pọ̀. James Joule, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1841 pé bí áńpíà bá di ìlọ́po 2, ooru inú wáyà a di ìlọ́po 4. Wáyà tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 1 ń mú ooru wáàtì 25 jáde bí áńpíà 5 bá gba inú rẹ̀ kọjá; bí ó bá di 10, ooru náà di wáàtì 100. Agboolé tí ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so yàrá mẹ́fà pọ̀ láìṣírò ń pe iná sí orí òrùlé ara rẹ̀.

Ìṣirò yìí kan náà ni a ṣe nígbà tí a fa iná láti Bolgatanga ní Ghana dé Ouagadougou ní 2018, tí a gbé e sórí fọ́ltì 225,000: bí fọ́ltì bá ga, áńpíà a kéré, èyí tí ń ṣòfò di ooru lójú ọ̀nà a sì dínkù. Wọ́n ṣírò kí iná tó dé Samandin; àwa ni a dá ìṣirò dúró ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ó di ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Faransé. Ìyá tí ó ń fi Yorùbá ṣírò èrè orí aṣọ, tí kò sì ṣì í, lè fi Yorùbá kan náà ṣírò wáàtì. Lóòótọ́, ohun tí mọ́tò ń yí, bí fíríìjì àti fáànù, kì í tẹ̀lé ìlànà yìí ní géérégé. Fọ́ltì tí a fi áńpíà sọ di púpọ̀ a máa ju wáàtì tí wọ́n ń lò lọ. Nígbà náà, ẹ ka wáàtì tí a kọ sí wọn lára, tàbí kí ẹ fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe díẹ̀ nínú òṣùwọ̀n kò sọ àìní òṣùwọ̀n di òdodo.

Ẹ̀yin olórí agboolé, kí ẹ tó pín owó oṣù tí ń bọ̀, ẹ kọ wáàtì ohun èlò yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti wákàtí tí a fi ń lò ó. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí a ṣírò, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń bẹ̀rù.