Ìjà owó nídìí bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: Ta ni yóò gba àwọn òǹwòran sílẹ̀?

Nínú ìjà àwọn tó ni kíláàbù bésíbọ́ọ̀lù l'Amẹ́ríkà àti àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, àsìkò gan-an ni ohun ìjà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá fẹ́ fi gbèdéke sí owó tí kíláàbù kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, àwọn yẹn gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1994. Wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọdún náà, bẹ́ẹ̀ ìparí sáà ni owó tẹlifíṣàn ń wọlé fún àwọn ọ̀gá. World Series, ìdíje àṣekágbá, kò wáyé. Ọjọ́ 232 ni ìjà náà gbà.

Àwọn ọ̀gá kò gbàgbé. Lóṣù kejìlá, ọdún 2021, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ló kọ́kọ́ tilẹ̀kùn, fún ọjọ́ 99. Síbẹ̀, gbèdéke náà kò sí nínú àdéhùn ọdún 2022. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń jìyà: òǹwòran àti ẹni tó ń ta oúnjẹ ní pápá kò ní àga níbi ìpàdé.